Ògiri Tí A Fi Pamọ́, Ògiri Tí Wọ́n Ń Wá Kiri

Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á kọ́kọ́ wá nǹkan fi bo ògiri. Ní ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán ní Èkó, ní Ìdí-Òro, ní Ojúẹlẹ́gba tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Tẹ́júoṣó, aṣọ ńlá kan ló máa ń wà lẹ́yìn àga, tí wọ́n ti kun àtẹ̀gùn sí, pẹ̀lú òdòdó nínú ìkòkò, nígbà mìíràn ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra. Bí ayàwòrán bá wá sílé nítorí ìsọmọlórúkọ tàbí ọdún iléyá, ẹnì kan á sáré lọ mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun, wọn á fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, ìyá ọmọ á sì jókòó síwájú rẹ̀. Bí owó bá wà, wọn á ti pe ẹni tó ń kun ilé wá ṣáájú, kó fi ẹfun kun iwájú ilé. Ògiri tó ti ṣí kì í ṣe ohun tí ojú àlejò gbọ́dọ̀ tó, fọ́tò sì ni àlejò tó ń pẹ́ jù lọ nínú ilé.

Lónìí, ògiri gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀ lójú títì, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn láti Alágómèjì dé Fádéyì, láti Láwáńsọ́n dé Ìtìrẹ̀. Bí ọ̀dà bá ṣe bó tó ni ògiri ṣe ń wù wọ́n tó. Ọmọbìnrin á wọ léèsì olówó ńlá, á fara ti páànù tó ti dípẹtà. Ọmọkùnrin á dúró ti ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ, á yà á láìsí ẹnikẹ́ni nínú àwòrán. Àwa tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bo ògiri fún ń wò wọ́n. Inú wa dùn pé ẹnì kan ń wo ilé tí a dàgbà sí. Àyà wa sì ń já pé ó lè jẹ́ àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló rí.

Ògiri wọ̀nyí ní orísun. Ní 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti ba Èkó lẹ́rù, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Yábà wà lára ibi tí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ pín sí òpópónà tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní nǹkan bí 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó fún mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, tó jẹ́ ilé tuntun nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ Múṣin yàtọ̀. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ló wà títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ rà níbẹ̀ á kọ́ ilé bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn kan fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Àwọn tó lówó díẹ̀ sí i fi búlọ́ọ̀kù. Níwájú ilé, lókè fèrèsé, bíríkìlà á fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ onílé àti ọdún tí ilé parí, kí àrọ́mọdọ́mọ lè kà á.

Àrọ́mọdọ́mọ ti dé, ó ń kà á, ṣùgbọ́n kíkà náà ti di iṣẹ́. Ọdún tí wọ́n kọ síwájú ilé ti ń parẹ́: ó lè ku 19 níbẹ̀, kí òjò ti gbá ìyókù lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá onílé ń jókòó sí ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ta káàdì àti ṣájà fóònù. Yàrá tó dojú kọ yàrá ṣì wà, kọ́rídọ̀ tó gùn láàárín wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ onílé ló ń gba owó ilé báyìí, kì í sì í gbé níbẹ̀. Ẹni tó ń gbowó ò sí nítòsí láti rí i pé ògiri ń bó. Ẹni tó ń rí i lójoojúmọ́ kì í ṣe onílé.

Kí a má sì tan ara wa jẹ, ayé àtijọ́ ò dùn tó bí a ṣe ń ròyìn rẹ̀. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣèwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ wọn jìnnà sí oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹbí tó ń gbé agboolé kan náà sì fọ́n ká. Ilé tuntun mọ́, ògiri rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ò rí ẹni tà fún mọ́. Ní Múṣin, ìdílé kan ń sun yàrá kan, agbépòó ń kọjá lóru, a ń tò fún omi lójú títì. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó bá ṣí álíbọ́ọ̀mù wa wò lónìí á rò pé ilé alátẹ̀gùn ni gbogbo wa gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé kan lónìí ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọjà Ojúwoyè, ẹ súnmọ́ ọn dáadáa. Láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, erùpẹ̀ tí òjò ń ta sókè ti rin ín. Lókè ìyẹn ni ọ̀dà dúdú wà, tí wọ́n kùn kí ìdọ̀tí má baà hàn, ó sì ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Lábẹ́ dúdú ni búlúù, lábẹ́ búlúù ni ẹfun, lábẹ́ ẹfun ni amọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti fa ìlà dúdú tó ga tó ènìyàn. Lára férémù ilẹ̀kùn, nọ́ńbà tí àwọn akànìyàn kọ ní 2006 ṣì hàn, NPC ló ṣáájú rẹ̀; àmì ṣọ́ọ̀kì àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Pósítà olóṣèlú gun orí pósítà ìsọjí, pósítà ìsọjí gun orí ti alágbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá ya ògiri yìí láti ìtòsí, tó sì mọ ohun tó ń wò, ti ya ìgbésí ayé àdúgbò kan láti ìgbà àwọn bàbá wa títí di àná.

Láyé ọjọ́sí, fíìmù wọ́n. Róòlù kan gba 12 tàbí 36, kò sì sí ayàwòrán tó máa fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣòfò sórí ògiri. Ẹni tó sanwó ló ń wọ inú fọ́tò, ìjókòó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó rí ṣe. Díẹ̀ ni àwọn tó kọjá ibẹ̀. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tó kú ní 2014, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n fún ni irun dídì àti irun kíkó tó ń yà láti 1968, ṣùgbọ́n ó tún ya àwọn ilé Èkó nígbà tí wọ́n ṣì ń dìde. Irú rẹ̀ ò pọ̀. Nítorí náà ni a fi ní fọ́tò ìyàwó, tí a ò ní fọ́tò òpópónà. A ní fọ́tò ìkómọ, a ò ní ti yàrá tí a bí ọmọ sí.

Ní báyìí, fóònù wà lápò gbogbo ènìyàn, àwòrán ò sì náni ní nǹkan kan. Kò sí ògiri tí wọn ò tíì yà láti Yábà dé Múṣin. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwòrán yìí ò ní ojúlé, kò ní ọdún, kò ní orúkọ. Ní àtijọ́, a mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, a ò rí ilé rẹ̀. Lónìí, a rí ilé, a ò mọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo àwọn ayàwòrán ń kánjú. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní 1946, ti ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó láti ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú kámẹ́rà Rolleiflex àtijọ́ rẹ̀, tó ń fi fíìmù yàwòrán títí di òní. Logo Oluwamuyiwa, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an, ń ya Èkó ní dúdú àti funfun nínú iṣẹ́ tó pè ní Monochrome Lagos. Ìrìn àwọn méjèèjì kì í yá, ojú wọn sì ń dúró.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ya ògiri. Láti àwọn ọdún 1930 ni ayàwòrán Brassaï ti ń ya àwọn àmì tí ènìyàn fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára ògiri Paris. Ìwé kékeré kan wà lápò rẹ̀; bó bá rí ògiri tó wù ú, á kọ ibi tó wà sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan á padà lọ wò ó bóyá ọwọ́ ènìyàn tàbí òjò ti fi nǹkan kún un. Ohun tó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pípadà yẹn. Fọ́tò kan ṣoṣo á sọ pé ògiri ti gbó. Fọ́tò méjì tí ọdún mẹ́wàá wà láàárín wọn á sọ bó ṣe gbó àti ohun tó mú un gbó.

Nígbà tí wọ́n kọ́ Pápá Ìṣeré Ìjọba Àpapọ̀ sí Sùúrùlérè, a rò pé kò ní gbó láé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní oṣù kìíní 1973. Ibẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti na Àlùjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, 1980. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹyọ kan, a sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti Barracks dé Ojúẹlẹ́gba, àwọn tí ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà mọ góòlù nípa ariwo tó jáde láti inú ògiri náà. Kò sẹ́ni tó ronú kan ẹni tó máa máa kùn ún.

Ní 2003, Abùjá ní pápá ìṣeré tuntun, wọ́n sì fi ti Sùúrùlérè sílẹ̀ fún òjò àti koríko. Ìjókòó fọ́, irin dípẹtà, igi hù láàárín àtẹ̀gùn. Àwọn ayàwòrán lọ síbẹ̀, àwòrán wọn sì dára: ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lórí kọ́ńkéré dúdú, àwọ̀ ewé tó ń ṣàn wá sílẹ̀ láti òkè. A wò ó, ó wù wá, ó sì bí wa nínú. Ọjọ́ ogbó wà fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n pápá náà ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àìtún-un-ṣe ló ba ibẹ̀ jẹ́, àwòrán tó bá fi ìyẹn pamọ́ sábẹ́ ẹwà ti sin ẹjọ́ kan láìdá a.

Ohun tó ń jẹ ògiri ò lóǹkà, ṣùgbọ́n a mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rinrin ń ti ìsàlẹ̀ gòkè nínú ilẹ̀ àbàtà, á gbé iyọ̀ dání, iyọ̀ á sì ti ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì jáde. Òjò ń wọlé láti orí òrùlé tó jò. Ọyẹ́ ń gbẹ ohun tí òjò ti rin, ògiri á sì sán. Ní àtijọ́, ẹfun tí a ń kùn lọ́dọọdún máa ń jẹ́ kí ògiri amọ̀ mí. Ó ṣe é láǹfààní ju bí a ṣe mọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù títà bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpò sìmẹ́ńtì kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n ń po iyanrìn púpọ̀ mọ́ ọn, tí búlọ́ọ̀kù ń fọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ ògiri tó lanu nítorí aláǹgbá. Ẹ̀rù tiwa ju ti aláǹgbá lọ.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, 2022, ilé alájà mẹ́ta wó lóru ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, nítòsí Yábà wa níbí, ẹ̀mí sì ṣòfò níbẹ̀ náà. Ìjọba máa ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé tí wọ́n bá gbà pé ó léwu. Àwọn onílé kan á dúró kí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ, wọn á fi pẹ́ẹ̀ntì tuntun pa àmì náà rẹ́, wọn á sì gba ayálégbé sí i. Àṣà bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ nìyẹn, tó ti dàgbà di ohun tó ń pani. Ẹni tó bo ògiri ò fẹ́ kí a rí sísán rẹ̀. Ẹni tó ń yìn ín rí sísán náà, ó sì pè é ní ẹwà. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ògiri.

Láyé tiwa, onílé ló ń ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Lóde òní, ayàwòrán ló ń yọ sí onílé. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn ìyá tó jókòó síwájú ilé.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ògiri yín ni."

"Ògiri mi? Ṣé ìjọba ló rán ẹ, àbí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀?"

"Rárá o, mà. Ó kàn wù mí ni."

"Kí ló wù ẹ́ nínú ògiri tó ń bó, ọmọ mi?"

Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, nítorí àwọn gbájúẹ̀ tó ń ta ilé onílé, ẹni tó bá ń ya ilé láìsọ̀rọ̀ ti fẹjọ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ náà bá jókòó tì í, ìyá á sọ pé bàbá wọn ló kun búlúù yẹn nígbà tí òun bí àkọ́bí òun. Á tún sọ pé bó bá máa yà á, kó jẹ́ kí òun wọ gèlè òun jáde, kí òun dúró síwájú rẹ̀. Àwòrán tó bá jáde láti inú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní ògiri nínú, ó sì ní ènìyàn. Ayé àtijọ́ wa ò ní irú rẹ̀ púpọ̀, ayé tuntun yìí náà ò tíì ní in tó.

Ó yẹ kí a yára, nítorí ògiri ò ní dúró dè wá. Ilé Fernandez tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar, ní ìta Tinúubú, ti wà láti 1855. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Àwòrán ló kù. Ní ìdí ojú irin ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 rí ojú rere: ẹgbẹ́ Legacy, tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún un ṣe, ó sì wà lónìí fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ilé méjèèjì yìí ni ayanmọ́ tó wà níwájú àwọn ògiri wa, èkíní ló sì wọ́pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tí wọ́n ṣí ní 2024, ń gba Yábà àti Múṣin kọjá, ó wúlò fún wa, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan ti lọ kí ọ̀nà rẹ̀ tó là. Níbi tí ilé olójúlé kan ti wó, ilé alájà mẹ́rin tó ní dígí àti alumíníọ̀mù ló ń dìde. Kì í jò, ó ní bafúù nínú yàrá, ọmọ wa sì ń sùn níbẹ̀ láìsí ẹ̀fọn. A ò ní sọ pé kó má dìde. A kàn ń wo iwájú rẹ̀, a ò rí orúkọ, a ò rí ọdún.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tó nǹkan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya ògiri, ẹ máa yà á lọ, ẹ sàn jù wá lọ níbi tí ẹ ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ òpópónà àti ojúlé sẹ́yìn àwòrán, ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún. Ẹ kí onílé kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí ẹ bá rí ibi tó sán tó lè gba ọwọ́, ẹ sọ fún àwọn tó ń sùn nínú ilé kí ẹ tó fi han ayé. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwa àgbà náà ní iṣẹ́: àwa la mọ ẹni tó kọ́ ilé yẹn, bíríkìlà tó rẹ́ ẹ, ọdún tí òrùlé rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí, àti ìdí tí ẹbí fi jà títí tí ẹnikẹ́ni ò fi tún un ṣe mọ́. Bí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún yín, tí a sì gbé ìtàn lọ sí sàréè, ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín ni àwọ̀. Ẹ wá bi wá léèrè. A wà nílé, a ó sì dáhùn.